Carbon dots (ẹyọ kábọ́ọ̀nù kíntínkíntín) èèpo ẹ̀gẹ́ kò gbóná lábẹ́ lésà 808 nm (ìgùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nìyẹn). Kí ló fà á?

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ láti ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí n'Íjẹ̀bú-Igbó la fi ṣe é: gíráàmù 2 nínú omi mílílítà 40, nínú autoclave (ìkòkò irin tí a dé pa), 180°C, wákàtí 6. Omi rẹ̀ pọ́n bíi tíì, ó sì ń tàn búlúù lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì UV. Ṣùgbọ́n bí a bá tan lésà wáàtì 1 sí mílílítà 1 fún ìṣẹ́jú 10, kò fi ìwọ̀n 2 gbóná ju omi lásán lọ. 42 sí 45°C la ń wá, nítorí a fẹ́ fi ooru náà bá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ jà. Ṣé ká mú un ki sí i ni?

Físíìsì Rẹ́mọ:
Rárá o, àbúrò. Ohun tó pọ́n bíi tíì, UV àti búlúù ló ń fà mu. Ìmọ́lẹ̀ pupa ń gba inú rẹ̀ kọjá, 808 sì jìnnà ju pupa lọ. Dídán tó ń dán lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì kò sọ nǹkan kan nípa 808.

Kọ́kọ́ wọn absorbance rẹ̀ (bó ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ mu tó) ní 808. Tó bá jẹ́ 0.02, 4.5% ìmọ́lẹ̀ ló fà mu. Ká ní 30% nínú ìyẹn di ooru, wáàtì 0.0135 péré nìyẹn. Omi gíráàmù 1 ń gba júùlù 4.18 kó tó fi ìwọ̀n 1 gbóná, nítorí náà ìwọ̀n 0.2 ní ìṣẹ́jú kan lo máa rí, afẹ́fẹ́ á sì tún gbà nínú rẹ̀. Bí absorbance bá di 1, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n 4 ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́.

Ìyá Láàbù:
180°C nínú omi kò lè sọ èèpo di dúdú tó bẹ́ẹ̀. Sun èyí tó gbẹ ní 700 sí 800°C níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní wọlé. Náítírójìn ló dáa jù. Láìsí i, eérú lo máa kó jọ. Fi HCl 1 M (ásíìdì) fọ̀ ọ́, fi omi ṣàn án títí pH á fi di 7, lọ̀ ọ́, kí o wá fi sonicator (ẹ̀rọ tó ń fi ìró gbọn nǹkan) pò ó mọ́ Pluronic F127 1% (èyí tí kì í jẹ́ kó dì pọ̀) nínú abọ́ yìnyín. Centrifuge (ẹ̀rọ tó ń yí nǹkan kíákíá) ló máa yọ èyí tó tóbi kúrò.

Dán an wò nínú PBS (omi iyọ̀ tó jọ ti inú ara), kì í ṣe omi lásán nìkan. Iyọ̀ ló ń jẹ́ kó dì pọ̀, á sì sọ̀ sísàlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ̀gẹ́ ní sáyánáìdì, ẹ má gbàgbé. Abẹ́ fume hood (àpótí tó ń fa èéfín jáde) ni kí ẹ ti ṣí autoclave yẹn, lẹ́yìn tó bá tutù pátápátá.

Físíìsì Rẹ́mọ:
Òótọ́ ni Mà. Má sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kan ẹnu thermocouple (wáyà tí a fi ń wọn ooru). Á gbóná fúnra rẹ̀, á sì parọ́ fún ọ. Fi yíǹkì dúdú tí a bu omi là ṣe àfiwé: bí ìyẹn náà kò bá gbóná, lésà rẹ ló ní àrùn, tàbí iná tó ń ṣe ségesège. Ìyàtọ̀ ìgbóná ni kí o kọ sílẹ̀, torí yàrá tí kò ní AC lè ti wà ní 31°C kó o tó bẹ̀rẹ̀. Bí ojú ìmọ́lẹ̀ bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1, 1.27 W/cm² lò ń lò, 0.33 ni òfin ààbò gbà fún awọ ara. Awò ojú tí wọ́n ṣe fún 808 ni kí o wọ̀, ojú kì í rí ìmọ́lẹ̀ yẹn dáadáa.

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè:
Ẹ ṣé gan-an. Lésà 980 náà wà nílẹ̀. Ṣé ká lò ó?

Físíìsì Rẹ́mọ:
Á gbóná, àmọ́ omi ló ń gbóná. Omi ń fa 980 mu ju 808 lọ fíìfíì. Tan án sí omi lásán kó o rí i.