Olú funfun inú pápá màlúù: báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá olú ọgán ni?

Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà, Òṣogbo
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́yìn òjò àná, àwọn ọmọ mi ṣa olú kún abọ́ kan wálé láti inú pápá tí àwọn Fúlàní máa ń da màlúù sí lọ́nà Ìkìrun. Ó funfun, orí rẹ̀ fẹ̀ tó àwo oúnjẹ, èépá aláwọ̀ ilẹ̀ sì wà káàkiri orí náà, ó pọ̀ jù láàárín. Òrùka kan wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣeé fi ọwọ́ tì sókè sódò. Ó jọ olú ọgán tí màmá mi máa ń fi se ẹ̀gúsí, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀, nítorí pé lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jẹ olú kan tó jọ èyí, kò sì tíì pé wákàtí mẹ́ta tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tó sì ń yàgbẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. N kò tíì gbé e kaná. Kí ni kí n wò lára rẹ̀?

Àgbẹ̀ ọ̀nà Ìkìrun
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Ìbejì. Ohun tí èmi máa ń kọ́kọ́ béèrè ni bí wọ́n ṣe tu ú. Olú ọgán kì í ṣàdédé hù láàárín koríko. Ilé ikán ló ti ń wá, àwọn ikán fúnra wọn ló sì ń tọ́jú rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń tọ́jú oko, nítorí òun ni wọ́n ń jẹ. Bí a bá fi ọkọ́ wa ìdí rẹ̀ dípò kí a fà á tu, a ó rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pin sójú ilẹ̀: ó ń tín-ín-rín lọ sísàlẹ̀ bíi gbòǹgbò títí yóò fi kan ilé ikán. Àárín orí rẹ̀ sábà máa ń yọ ṣóńṣó, nítorí ibẹ̀ ló fi ń gún ilẹ̀ jáde. Bí ìdí tiyín bá wú bí àlùbọ́sà kékeré, tó sì parí síbẹ̀, kì í ṣe olú ọgán. Bàbá mi tún máa ń wò ó bóyá ìgbín ti jẹ lára rẹ̀.

Aláta Ìgbóǹnà
Ẹ gé àlùbọ́sà sí i nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ ọ́. Bí àlùbọ́sà náà bá dúdú, májèlé ni.

Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì
Mo bẹ̀ yín, Ìyá Ìbejì, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé àlùbọ́sà, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ìgbín. Ìgbín ń jẹ olú tó lè pa ènìyàn, kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan. Àlùbọ́sà ò sì lè dá májèlé mọ̀. Ohun tí àgbẹ̀ sọ nípa ìdí olú ni kí ẹ mú lò, kí ẹ sì fi èyí kún un. Ẹ gé ẹsẹ̀ èyí tó ti gbó jù kúrò, ẹ da orí rẹ̀ délẹ̀ sórí bébà funfun, ẹ fi abọ́ bò ó, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Lẹ́búlẹ́bú kan yóò bọ́ láti inú àwọn abala pẹlẹbẹ tó tò bí ewé ìwé lábẹ́ orí náà. Ti olú ọgán máa ń ní àwọ̀ ìpara, ó sì máa ń pọ́n díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ aláwọ̀ ewé, ẹ dà á nù: èyí tí wọ́n ń pè ní *Chlorophyllum molybdites* ni, tó ń hù nínú koríko nílẹ̀ tó bá móoru, ìyà tó jẹ ẹ̀gbọ́n yín gan-an ló sì ń fi jẹ ènìyàn. Ẹ má wo abẹ́ orí rẹ̀ nìkan, nítorí pé funfun ni abẹ́ náà nígbà tí olú ọ̀hún ṣì kéré, ó sì dìgbà tó bá gbó kí ó tó máa yí sí àwọ̀ ewé; ibẹ̀ gan-an ló ti ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ.

Bí lẹ́búlẹ́bú bá funfun ńkọ́? Ìyẹn kò sọ pé ó ṣeé jẹ. Àwọn olú kan wà tí lẹ́búlẹ́bú wọn funfun, tí ìdí wọn dúró nínú ohun kan bí ife awẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, àwọn ló sì burú jù. Iná kò lè pa májèlé inú wọn, ẹni tó bá jẹ wọ́n sì lè lo wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìmọ nǹkan kan lára, nígbà tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń bàjẹ́ lọ. Ẹnikẹ́ni tí olú bá dà láàmú, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá, kí wọ́n sì mú ìyókù olú náà dání.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà, Òṣogbo
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Láàárọ̀ yìí ni mo ṣí abọ́ náà. Àmì rẹ̀ hàn kedere lórí bébà, ó tò yípo bí ìtànṣán oòrùn, àwọ̀ ewé ni. Mo tún wo ìdí rẹ̀: ó wú, ó sì pin síbẹ̀. Mo ti gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, mo sì ti rì gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bébà yẹn nìkan ni mo fi pamọ́, kí n lè fi han ẹ̀gbọ́n mi tó bá dé lọ́jọ́ Àìkú.