Òdòdó Tó Tanná Lóru Lẹ́yìnkùlé Mi ní Kàbbà

Okun o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ ní kí kálukú sọ ti òdòdó àjèjì tó ti gbìn rí. Tèmi ni èyí tí wọ́n ń pè ní Queen of the Night. Ọdún mẹ́rin ni mo fi tọ́ ọ, òru kan péré ló sì fi tanná. Bí wọ́n bá ní kí n tún fi ọdún mẹ́rin mìíràn dúró dè é, màá dúró.

Àbúrò mi obìnrin ló gé e wá fún mi láti Jọ́ọ̀sì nígbà tó ń bọ̀ wálé ṣe Kérésìmesì. Ẹ̀ka pẹlẹbẹ kan ni, kò gùn ju apá ọmọdé lọ, ó fi bébà wé e. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo rì í sínú ike ọ̀dà, ni mo bá ń da omi sí i láràárọ̀ bí ẹni ń tọ́ ewédú. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìdí rẹ̀ fi rà, tó ń rùn bí ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sómi. Ó dùn mí gan-an. Nígbà tí mo pe àbúrò mi, ó ní mi ò jẹ́ kí ojú ibi tí òun ti gé e gbẹ kí n tó gbìn ín, ibẹ̀ ni omi gbà wọlé. Èkejì tó fi ránṣẹ́, òjìji ni mo gbé e sí fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, títí ojú ọgbẹ́ náà fi gbẹ dáadáa.

Ẹbí cactus, irú igi ẹlẹ́gùn-ún tó pọ̀ ní aṣálẹ̀, ni lóòótọ́, àmọ́ òun kì í ṣe ọmọ aṣálẹ̀. Nínú igbó Mexico àti Guatemala tó ti wá, orí igi ló ń gbé bí àfòmọ́, kìkì pé kì í fa omi ara igi tó gbà á lálejò. Ìràwé tó bá jẹrà sáàárín ẹ̀ka ló fi ń ṣe oúnjẹ. Ìgbà tí mo gbọ́ èyí ni mo da iyẹ̀pẹ̀ inú ike nù. Mo lọ kó ilẹ̀dú abẹ́ káṣú, mo po iyanrìn odò àti eèdú tí mo fọ́ wẹ́wẹ́ pọ̀ mọ́ ọn, mo dá ihò sí ìdí ike, mo wá gbé e kọ́ sára máńgòrò níbi tí oòrùn àárọ̀ nìkan ti ń bá a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sójú oòrùn ọ̀sán wa yìí nínú oṣù Kejì àti Kẹta. Yóò pọ́n, yóò sì jó. Nígbà ọyẹ́, omi díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ti tó o. Ó tún fẹ́ràn kí gbòǹgbò rẹ̀ há. Èmi gbé e sínú garawa ńlá lọ́dún kejì, gbogbo ọdún yẹn ló fi ń na ẹ̀ka kiri láìyọ òdòdó kankan.

Inú oṣù Keje ọdún kẹrin ni mo rí i: kókó pupa kan létí ẹ̀ka, kò ju orí ìṣáná lọ. (Ohun tí ẹ rí bí ewé yẹn kì í ṣe ewé, igi rẹ̀ gan-an ni, etí rẹ̀ ni òdòdó sì ń gbà yọ.) Ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kókó náà fi ń na ọrùn. Ó kọ́kọ́ dorí kodò, lẹ́yìn náà ó ká ọrùn sókè bíi ti lékeléke. Lọ́jọ́ tí mo rí i pé ẹnu rẹ̀ ti wú, mi ò lọ síbi ìdánrawò akọrin.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Iná ti lọ ní àdúgbò wa, tọ́ọ̀ṣì ni mo tàn sí i. Ewé òdòdó funfun náà ń gbọ̀n pẹ́pẹ́, ó ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan; bí ẹ bá tẹjú mọ́ ọn, ẹ óò rí i tó ń rìn. Kó tó di aago mọ́kànlá, ẹnu rẹ̀ ti fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ti dé ilé ìdáná. Àfòpiná ń rọ́ wá.

Ìyá onílé wa ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé kí n gé e dànù, pé ohun tí kò jẹ́ tanná lọ́sàn-án, kí ló ń wá lóru? Mi ò bá wọn jiyàn. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo lọ kan ilẹ̀kùn wọn, mo kúnlẹ̀, mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fi ojú ara yín rí i.” Mo ṣàlàyé fún wọn pé àfòpiná ló ń bá a gbé ìyẹ̀fun inú òdòdó kiri, òun ló fi funfun, tó fi ń ta sánsán, kí wọ́n lè rí i nínú òkùnkùn. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n fa àpótí, wọ́n jókòó. A wà níbẹ̀ títí aago kan fi kọjá, wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti rọ̀ jọwọlọ bí ọrùn adìyẹ tí a pa. Màmá gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n ní, “Ṣé ó ti lọ náà nìyẹn?” Ohùn wọn rẹlẹ̀.

Èsì láti Ìsánlú:

Màmá yẹn ò jẹ̀bi o, àwọn àgbà ò gba òdòdó alẹ́ sí ohun lásán. Ìyá àgbà mi gbin tannápoṣó yí ilé ìdáná ká nítorí orúkọ rẹ̀ gan-an: tan iná, pa oṣó. Ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà lòun náà ti wá, ó kàn ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé kò sẹ́ni tó ń pè é ní àlejò mọ́. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló ń lajú. Àwa ọmọ ilé ò ní aago, bó bá ti ṣí, a ó gbé ìkòkò, ó di odò. Lórí igi kan ṣoṣo, ẹ lè rí pupa, ẹ lè rí àwọ̀ ìyeyè, ẹ sì lè rí èyí tí àwọ̀ méjèèjì pín mọ́ra wọn lọ́wọ́. Èso rẹ̀ dúdú bí iyèré. Bó bá ti bọ́ sílẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ á hù ú.

Èsì láti Ẹ̀gbẹ̀:

Ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ kún un. Gloriosa, tí àwọn àgbà kan ń pè ní ewé ajé, kò ti òkèèrè wá, inú igbó wa ló wà. Òun náà ni òdòdó orílẹ̀-èdè Zimbabwe. Ẹ̀gbẹ́ àpáta lóko bàbá mi ni mo ti wú u wá sídìí ọgbà. Ṣóńṣó ewé rẹ̀ ló fi ń di igi mú bí ìka ọwọ́. Òdòdó rẹ̀ dojú délẹ̀, ewé òdòdó náà wá ká sókè, pupa pẹ̀lú ìyeyè, bí ahọ́n iná. Mi ò tíì rí èyí tó lẹ́wà tó o. Àmọ́ májèlé ni láti orí dé ìdí, iṣu rẹ̀ ló sì burú jù. Ìyàwó mi ti fẹ́ kó iṣu rẹ̀ mọ́ èsúrú tó fẹ́ sè kí n tó dé. Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n. Láti ọjọ́ náà mo ti fi wáyà yí i ká, mo sì ń fi ọ̀rá wé ọwọ́ kí n tó fọwọ́ kàn án. Ilé tí ọmọdé tàbí ewúrẹ́ bá wà, ẹ má gbìn ín.

Èsì tèmi láti Kàbbà:

Ará Ẹ̀gbẹ̀, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ní ọmọ tó ń rákò nílé, mi ò ní gbìn ín. Ará Ìsánlú, bí ẹ bá ń kọjá lọ sí Lọ́kọ́ja, ẹ bá mi mú èso tannápoṣó pupa dání. Mo ti gé ẹ̀ka méjì sí òjìji, ojú ọgbẹ́ wọn ti ń gbẹ. Ọ̀kan ni tiyín. Màmá onílé ti gba èkejì.