Ogun Agídìngbì ti wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Láfíàjí

Télọ̀ Láfíàjí:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Àwa mẹ́rìnlá kan la kóra jọ láti máa sọ ìtàn àdúgbò wa. A ò ní alága. Ọjọ́ Àìkú tó bá gbẹ̀yìn oṣù la máa ń jókòó. Ẹni tó bá kàn ló ń gbàlejò, òun náà ló sì ń yan ohun tí a máa sọ. Ẹgbẹ̀rún náírà la ń dá, fún omi àti mósà. Ìwé kíkọ mi ló dùn-ún wò ni wọ́n ṣe ní kí n máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Aṣọ ni mò ń rán, n kò ka ìtàn ní yunifásítì.

Oṣù tó kọjá, ó kan Bàbá wa kan láti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Bàbá ní Ogun Agídìngbì lòun fẹ́ sọ, ìyẹn oṣù Kejìlá 1851, nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn wọ Èkó, tí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, sá gba Ẹ̀pẹ́ lọ, tí wọ́n dá Akíntóyè, ọba tí Kòsọ́kọ́ ti lé kúrò, padà sórí oyè. Bàbá mọ ọ̀rọ̀ sọ! Ó kó wa dé 1862 tí Kòsọ́kọ́ padà wálé, àti bí ibi tí àwọn èèyàn tó bá a bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ dó sí ṣe di Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí Bàbá ní òwò epo ni Gẹ̀ẹ́sì bá wá, pé ọ̀rọ̀ òwò ẹrú tí wọ́n ń pariwo, irọ́ ni. Àǹtí kan tí ìdílé ìyá rẹ̀ tan mọ́ Akíntóyè nà dìde: "Kòsọ́kọ́ kò ta ẹrú nìyẹn?" Háà! Mósà tutù sínú abọ́. Ìlà mẹ́ta péré ni mo rí kọ, torí àwọn méjèèjì ń pàṣẹ fún mi pé kí n má kọ ti ẹnì kejì.

Àwọn kan ti ní kí a fòfin de ọ̀rọ̀ oyè àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Tí a bá yọ méjèèjì kúrò nínú ìtàn Èkó, kí ló kù tí a fẹ́ sọ? Kí ni kí n sì kọ sínú ìwé?

Ọmọ Sùúrùlérè:
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ ti àwọn méjèèjì. Kí ẹ sì fi ibi tí kálukú ti gbọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: lẹ́nu bàbá rẹ̀ ni, àbí nínú ìwé ló ti kà á. Ìyá mi àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, inú yàrá kan náà ni wọ́n ti dàgbà ní àárín Èkó, kí ètò wíwó ilé tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1955 tó sọ wọ́n di ará Sùúrùlérè. Ìyá mi ní ẹkún ni gbogbo ilé sun wọ lọ́rì, pé owó ọkọ̀ sí ọjà ló jẹ èrè ìyá wọn tán. Àbúrò rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn gan-an lòun kọ́kọ́ rí yàrá tí atẹ́gùn ń wọ̀. Ọmọ ìyá kan náà o! Ta ni nínú wọn ló parọ́?

Àgùdà Kékeré:
Ọ̀nà tiwa ní Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn tó ti Brazil padà wá sí Èkó: ẹni tí kò bá mú nǹkan lọ́wọ́ wá kì í sọ̀rọ̀. Fọ́tò, ìwé ìrìbọmi, ìwé ilẹ̀, ìkòkò tí wọ́n fi ń se fréjọ́nù, ohunkóhun. Ẹnì kan mú fọ́tò Ilojo Bar wá, ilé alátẹ̀gùn tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855 ní Gbàgede Tinúbú. Ní 1956 ni ìjọba sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, síbẹ̀ wọ́n wó o ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Wákàtí méjì la fi wo fọ́tò kan ṣoṣo. Àgbàlagbà kan fi ìka tọ́ fèrèsé tó máa ń dúró sí lábẹ́ tó bá ń sá fún òjò.

Ẹ̀gbá Èbúté Mẹ́tà:
Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà, jàre. Tiwa níbí, bí àwọn Kìrìsìtẹ́nì Ẹ̀gbá ṣe sá dé lẹ́yìn Ìfọ́lé 1867, nígbà tí wọ́n kọlu àwọn ìjọ ní Abẹ́òkúta, tí Glover tó ń ṣàkóso Èkó fún Gẹ̀ẹ́sì fún wọn nílẹ̀, la sọ títí. Gbogbo wa gbà á bẹ́ẹ̀. Kò síjà. Ní báyìí, àwòrán "ẹ kú Jímọ́ olóyin" nìkan ló kù lórí WhatsApp wa.

Télọ̀ Láfíàjí:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti fa ìlà sí àárín ojú ìwé, Bàbá lápá kan, Àǹtí lápá kejì. Mo lọ bá Àǹtí nílé lánàá kí n lè gba tirẹ̀ dáadáa. Nígbà tó rọ̀ tán, ó ní ìyá ìyá òun máa ń sọ pé ọba méjèèjì ló ta ẹrú, Akíntóyè náà kò mọ́ níbẹ̀, ìgbà tó nílò Gẹ̀ẹ́sì ló tó fọwọ́ sí i pé òun kò ní tà mọ́. Ó ní kí n kọ ọ́. Àmọ́ n kò gbọdọ̀ kà á sétí Bàbá.

Mo ti kọ ọ́ o. Mo fi bébà bo ibẹ̀, mo sì fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ dè é mọ́lẹ̀.