Gìtá oníkùn àti àṣẹ́kù ìró: lórí ìtumọ̀ ìpolówó índì fóòkì

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Kàbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìpolówó àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ òyìnbó kan tó ń kọ índì fóòkì (“indie folk”, irú orin òyìnbó tí gìtá pọ̀ nínú rẹ̀), tí olóòtú rédíò fẹ́ kà ní Yorùbá, ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí “ẹgbẹ́ olórin ìbílẹ̀ òmìnira tí kò lo iná, tí ó kún fún afẹ́fẹ́”. Gbólóhùn náà já gaara, ṣùgbọ́n yóò ṣi olùgbọ́ lọ́nà.

“Ìbílẹ̀”, tí ẹ fi túmọ̀ “fóòkì”, ni mo kọ́kọ́ kọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ “orin ìbílẹ̀” láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, agbo olele ni yóò máa retí, orin tí gbogbo ìlú jọ ni ín. Èyí tí à ń wí ní ẹni tó kọ ọ́, ó sì ní ẹni tó ń gbowó lórí rẹ̀. Ní ti “òmìnira”, tí ẹ fi túmọ̀ “índì”, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni yóò sọ sí wa lọ́kàn. “Aládàádúró” ì bá sàn, nítorí ẹgbẹ́ tí kò sí lábẹ́ àwọn iléeṣẹ́ àwo ńlá bíi Universal, Sony tàbí Warner ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Nonesuch, iléeṣẹ́ àwo tó jẹ́ ti Warner, ló gbé àwo Fleet Foxes, ẹgbẹ́ olórin Amẹ́ríkà kan, jáde ní 2017, índì fóòkì náà ni wọ́n sì ń pè é. Orúkọ irú orin ló ti dà. A kì í túmọ̀ jùjú, a kì í túmọ̀ fújì. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ ní “índì fóòkì”.

“Tí kò lo iná” kì í ṣòótọ́. Maikirofóònù kọ́ńdẹ́ńsà tí wọ́n fi ń gba ohùn gìtá ẹgbẹ́ náà, èyí tí òyìnbó ń pè ní “acoustic”, sílẹ̀ ń jẹ iná fóltì 48. Ohun tó ya gìtá náà sọ́tọ̀ ni inú rẹ̀ tó ṣófo: okùn ń mi afárá (igi kékeré tí okùn dúró lé), afárá ń mi pákó ojú rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì ń ti ohùn jáde. Pákó tó dí gbagidi ni ti ọ̀pọ̀ gìtá oníná. “Gìtá oníkùn” ni mo dábàá.

“Afẹ́fẹ́” ló dùn mí jù, torí pé ibẹ̀ ni adùn orin náà wà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni ìró tó ń fà lẹ́yìn ohùn nínú yàrá ńlá. Kì í ṣe gbohùngbohùn. Ẹ dúró ní mítà 34 sí àpáta kan, kí ẹ kígbe: ohùn yín yóò padà lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 0.2, ọ̀tọ̀ gedegbe. Ti inú yàrá, ìró ń ta padà lára gbogbo ògiri, wọ́n sún mọ́ra débi pé etí kò lè yà wọ́n, wọ́n á kàn máa kú lọ díẹ̀díẹ̀. “Àṣẹ́kù ìró” ni mo fẹ́ ká máa pè é.

A nílò ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá, níbi tí a ti ń fi ẹ̀rọ fi àṣẹ́kù kún orin. Bí àṣẹ́kù bá gùn jù lórí orin Yorùbá, ohùn òkè yóò ṣì máa dún nígbà tí ohùn ìsàlẹ̀ bá wọlé, ọkọ́ àti ọkọ̀ á sì dàrú mọ́ra wọn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àṣẹ́kù dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 0.02 sí 0.04 kó tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀, kí orí ọ̀rọ̀ lè jáde ní gbígbẹ, láìsí àṣẹ́kù lórí rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá méjì tó fún gígùn rẹ̀. Kí a gé ìró ìsàlẹ̀, èyí tó wà lábẹ́ 200 Hz (ìgbà 200 tí ìró ń mì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), kúrò nínú àṣẹ́kù náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo rẹ̀ á máa kùn. Maikirofóònù ńkọ́? Kó jìnnà sí gìtá ní sẹ̀ntímítà 20 sí 30, kó kọjú sí ibi tí ọrùn gìtá ti pàdé ikùn rẹ̀. Ẹni tó bá dojú rẹ̀ kọ ihò, ìró ìsàlẹ̀ ni yóò bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀.

*

Àbúrò, ọ̀kun o. Mo gba “índì fóòkì”, mo sì gba “àṣẹ́kù ìró” tọwọ́tẹsẹ̀. N kò gba “oníkùn”. Bí wọ́n bá kà á lórí rédíò láìsí àwòrán, èèyàn tó yọkùn ni olùgbọ́ máa rò. “Gìtá oníhò” ni kí a lò: ihò yẹn wà lójú rẹ̀, ọmọdé pàápàá á nàka sí i.

O kò sọ nǹkan kan lórí “àwo”. Àwọn kan fẹ́ “àkójọ orin”, ṣùgbọ́n àkójọ lè jẹ́ orin àwọn olórin mẹ́wàá tí ẹnì kan ṣà jọ. “Àwo” ti mọ́ wa lẹ́nu láti ayé rẹ́kọ́ọ̀dù, a ṣì ń sọ pé olórin gbé àwo jáde bó tilẹ̀ jẹ́ orí fóònù la ti ń gbọ́ ọ. Kí a fi “gbọọrọ” kún un, kó lè yàtọ̀ sí àwo kékeré tí orin rẹ̀ kò pọ̀. Fleet Foxes yẹn náà ti gbé àwo kékeré jáde ní 2006, ọdún méjì ṣáájú àwo gbọọrọ wọn àkọ́kọ́. Ẹni tó bá kàn pe ti 2008 ní “orin wọn àkọ́kọ́” ti ṣìnà.

Èyí ni mà á fi ránṣẹ́ sí olóòtú lálẹ́ yìí, àyàfi tí ẹnìkan bá ní ọ̀rọ̀ tó dára ju “oníhò” lọ: “Àwo gbọọrọ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ olórin índì fóòkì kan, gìtá oníhò ni wọ́n ń ta, orin wọn ń rọra lọ, àṣẹ́kù ìró rẹ̀ sì gùn.”