Ata ìrẹran ni mo fara mọ́

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ ìwé ìdáná ní Kétu mú ọ̀rọ̀ méjì wá fún wa: "ata Áfíríkà" fún piri-piri, ata kékeré tó ń ta gan-an, àti "ìkunran" fún àpòpọ̀ ata, òróró, ọsàn wẹ́wẹ́, aáyù àti iyọ̀ tí à ń fi adìẹ sí kí a tó yan án, èyí tí Faransé ń pè ní marinade. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ti àkọ́kọ́ kò gba àkókò. Rodo, ṣọ̀ǹbọ̀, tàtàṣé, wẹ́wẹ́, Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá. Lẹ́yìn 1492 ni àwọn Potogí, àwọn kan náà tó sọ Àjàṣẹ́ ní Porto-Novo, ń kó ata kiri etí òkun Áfíríkà. Kó tó dé, ìyèré àti atare ló ń ta lẹ́nu àwọn baba wa. Pilipili ni àwọn tó ń sọ Swahili ń pe ata. Ibẹ̀ ni piri-piri ti jáde. Ata wẹ́wẹ́ ni kí a kọ, bó bá sì jẹ́ oúnjẹ àwọn ará Mòsáḿbíìkì gan-an là ń sọ, kí a kọ pírípírí.

"Ìkunran" ló ká mi lára. Ẹ sọ fún ọmọ ilé yín pé kó lọ kun ẹran, ọ̀bẹ ni yóò gbé, torí ẹran gígé ni kíkun lẹ́nu alápatà. Àwọn kan ní kí a lo "pa", bíi ti ìpara. Ta ni yóò gbọ́ "pa ẹran" tí kò ní rò pé ẹ̀mí lẹ fẹ́ gbà? "Ra" náà ńkọ́? Ẹni tó gbọ́ "ra ẹran" yóò gba ọjà lọ. Òótọ́ ni pé "fi ata ra adìẹ lára" yé gbogbo ayé, àmọ́ "lára" yẹn ló gbé e ró, kò sì sí bí a ṣe lè kó o wọ inú ọ̀rọ̀ orúkọ.

"Rẹ" ló kù. Ẹnìkan ti sọ pé inú omi nìkan ni a ń rẹ nǹkan, bíi gàrí, bíi ẹ̀wà, pé ata yìí ki, kò ṣàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo aláró. Ó ń rẹ aṣọ láró, kí àwọ̀ lè wọ inú òwú. Ohun tí à ń wá lára adìẹ náà nìyẹn. Iyọ̀ ló ń wọ inú ẹran jù. Títa ata kì í yòrò dáadáa nínú omi, inú òróró ló ti ń yòrò, kì í sì í kọjá ojú ẹran lọ títí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ọ̀bẹ la itan àti àyà adìẹ kí ata lè ráyè. Bí ọsàn bá sì pọ̀ tó tún pẹ́, ojú ẹran á rọ̀ jù.

Àwọn tó ń ta adìẹ yíyan àti amiwo (ọkà àgbàdo tí a fi ọbẹ̀ tòmátì rò) ládùúgbò mi, "mariner" ni wọ́n ń sọ bí wọ́n bá ń ṣe Faransé. Lédè wa, "mo ti rẹ ẹ́ mọ́jú" ni mo ń gbọ́.

Nítorí náà, bí a ṣe ní ọṣẹ ìfọṣọ, kí a ní ata ìrẹran. Rẹ adìẹ láta. Tó bá jẹ́ ẹja, ata ìrẹja. Èyí tí kò ní ata, èlò ìrẹran.

Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́ tí ẹ ò tíì fọhùn, ṣé "rẹ" náà lẹ ń lò fún ẹran, àbí ọ̀rọ̀ mìíràn wà lẹ́nu àwọn ìyá yín? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ kí ìwé ẹ̀gbọ́n tó dé ilé ìtẹ̀wé.