Ìyá ọkọ mi ya ife mi sọ́tọ̀ nítorí HIV: kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ní kòkòrò HIV lára, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Oògùn ojoojúmọ́ ti ká kòkòrò náà lọ́wọ́ kò débi pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò rí i mọ́, n kò sì lè kó o ran ọkọ mi nípa ìbálòpọ̀. Síbẹ̀, láti ìgbà tí ìyá ọkọ mi ti gbọ́, wọ́n ti ya ife mi sọ́tọ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí n gbé ọmọ jòjòló inú ilé mọ́. Ọkọ mi kàn ń wò ni, èyí ló sì dùn mí jù. Ṣé nọ́ọ̀sì ni ó bá yín là á yé àwọn àna yín ni, àbí ẹ̀yin fúnra yín? Kí ni ẹ sọ tí ọkọ yín fi gbè yín?