Ìdáhùn: «àìṣiṣẹ́» kọ́, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa.

Mo ka ìtumọ̀ tí Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìbàdàn fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná, lórí bí ayé ṣe yí mọ́ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ní Pólándì àti Rọ́síà nígbà tí ìjọba fa ọwọ́ sẹ́yìn nínú ọrọ̀ ajé. Wọ́n ṣe gudugudu méje. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun bí egungun ẹja: «àìṣiṣẹ́», tí wọ́n fi túmọ̀ «unemployment». Ẹ̀gbọ́n, ta ni kò ṣiṣẹ́? Ẹni tó jókòó tó ní òun ò ṣe ni aláìṣiṣẹ́. Ẹni tó ń wá a tí kò rí i ńkọ́? Àìríṣẹ́ṣe. Ẹ yọ «rí» yẹn kúrò, ẹ ti sọ ọmọlúàbí di ọ̀lẹ.

Ní 1987, ọdún tó tẹ̀lé ti Sápù (SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba Nàìjíríà gbé kalẹ̀), wọ́n já ìwé «máa lọ sílé» fún bàbá mi ní ilé iṣẹ́ kan nítòsí Ṣágámù. Fún bí oṣù mẹ́ta, aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n ṣì ń wọ kakí, wọ́n á gbé abọ́ oúnjẹ dání, wọ́n á lọ jókòó sọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà. Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí yan gàrí, wọ́n ń wọ̀n ọ́n ní kóńgò lẹ́nu ọ̀nà. «Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá yín», ohun tí wọ́n wí fún wa nìyẹn. Kò sẹ́ni ládùúgbò tó jẹ́ dán «kì í ṣiṣẹ́» wò.

«Bọ́» yẹn ló bá Pólándì mu. Kí àtúntò tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1990, ìjọba wọn kì í gbà pé ẹnikẹ́ni ń wáṣẹ́. Àwọn tó ti ń ṣe é bọ̀ ni ó bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ti Rọ́síà ló wá le. Ọjọ́ 2 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1992 ni wọ́n tú iye owó ọjà sílẹ̀, ó sì fò sókè. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò lé èèyàn. Owó oṣù ni wọn ò san, oṣù lórí oṣù. Àwọn mìíràn ń gbé ọjà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe lọ sílé bí owó oṣù. Iṣẹ́ wà, ìṣẹ́ náà wà. Ẹ̀gbọ́n wá kọ «ainise» fún wọn láìfi àmì kankan sí i! Èwo ni wọn ò ní nínú méjèèjì? Bí ìpajẹ, ìyẹn pípa fáwẹ̀lì jẹ níbi tí ọ̀rọ̀ méjì ti pàdé, bá tilẹ̀ gbé fáwẹ̀lì «ì» lọ, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í bá a lọ: ẹ wo akúṣẹ̀ẹ́, tí «ìṣẹ́» wà nínú rẹ̀. «Òṣìṣẹ́ akúṣẹ̀ẹ́» ni èmi ìbá pe àwọn ará Rọ́síà yẹn. Kò dùn lẹ́nu, mo mọ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú kó mú un wá.

Ẹ tún wo «agboolé» tí Ẹ̀gbọ́n fi túmọ̀ «household», ìyẹn àwọn tó ń jẹun pọ̀ tí wọ́n ń kà ní ẹyọ kan. Agboolé ìyá ìyá mi ní Ìsarà, ààrò mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ìyàwó tó ń se ìkọ́kọrẹ́ lórí ààrò kìíní kò mọ̀ bóyá tẹnìkẹta rí epo rà. Ẹ kà wọ́n ní ẹyọ kan, ẹ ti fi ọ̀kan bo ebi èkejì mọ́lẹ̀.

Ẹni tó sì kọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé Ìjẹ̀bú ò lè kọ́ ará Ọ̀yọ́ ní ohùn, mi ò tíì gbàgbé yín o. Lákọ̀ọ́kọ́ ná, Rẹ́mọ ni mí. Ìyókù ń bọ̀ lálẹ́, bí iná bá wà.